Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa ilé àti ilẹ̀ ní Àkúrẹ́: láti Ọjà Ọba dé Ọ̀bà-Ilé

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ará àti ọ̀rẹ́ wá ilé ní Àkúrẹ́. Mi ò ní ọ́fíìsì, mi ò sì gbé pátákó síta. Àwọn èèyàn kàn mọ̀ pé mo mọ ìgboro, wọ́n á pè. Ìdáhùn kan náà ni mo ń tẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà, àtàǹpàkò ti ń dùn mí, ni mo fi kó wọn jọ síbí.

Iye owó la bi yín. Kí ló dé tó jẹ́ ìtàn lẹ kọ́kọ́ máa ń sọ?

Torí pé ìtàn ló ń pa owó lé ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlú. Àwọn àgbà sọ pé Ọmọrẹ̀milẹ́kún Asódebóyèdé tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá ló tẹ ìlú dó, àti pé ibẹ̀ ni okùn àkún ọrùn rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Àkún-rẹ́. Ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ṣì wà níbẹ̀ dòní, Ọjà Ọba tí àwọn àgbà ń pè ní Ọjà Erékẹ̀sán sì wà nítòsí rẹ̀. Àdúgbò Ìsìkàn ní ọba tirẹ̀, Ìralẹ̀pò; Ìsòlò náà ní tirẹ̀, Òsòlò. Ilẹ̀ abẹ́ àwọn ilé wọ̀nyí, ti ẹbí ni, láti ìran dé ìran.

Déjì Adésidà Kìíní jọba láti 1897 títí di 1957. Ọgọ́ta ọdún gbáko. Nígbà tirẹ̀, ẹni tó bá jáde kúrò ní ìgboro díẹ̀, oko kòkó àti oko oúnjẹ ló ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 dé. Ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó. Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. (Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n pa ọ̀gágun náà.) Òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, wọ́n nílò ọ́fíìsì, wọ́n nílò ilé. Ìjọba gba oko kan, ẹbí ta òmíràn, ìlú sì fẹ̀ títí ó fi kan ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí rà ní Àkúrẹ́ kò wá ju mẹ́ta lọ: èyí tí ìjọba pín, èyí tí ẹbí tà, àti èyí tó jẹ́ ti ìlú mìíràn tí gbogbo wa kàn ń pè ní Àkúrẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tẹ́ ẹ dúró lé. Owó rẹ̀, wàhálà rẹ̀, àti irú aládùúgbò tẹ́ ẹ máa ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Láàárín Alágbàká àti Ìjàpọ̀, èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá ló sì máa ń bi mí. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ méjèèjì, wọ́n sì rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Alágbàká ni ìjókòó ìjọba. Ọ́fíìsì gómìnà, sẹkitéríàtì, ilé ẹjọ́ àti àwọn kúọ́tà òṣìṣẹ́ àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Lójú ọ̀sán, mọ́tò àti àwọn tó gbé fáìlì sábẹ́ apá kún ibẹ̀. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ fún gbígbé níbẹ̀ ti di òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn aládàáni tàbí ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ilé tó ń mówó wọlé á fẹ́ràn èyí. Ẹni tó bá lọ́mọ wẹ́wẹ́, kó lọ jókòó níwájú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kó tó sanwó, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá gbọ̀ngàn àríyá wà lẹ́yìn fẹ́ńsì.

Ìjàpọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀sìtéètì ìjọba ni, wọ́n la ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Èyí ṣọ̀wọ́n nílùú wa, níbi tó jẹ́ pé ilé ló sábà máa ń ṣáájú ọ̀nà. Ààyè wà láàárín ilé sí ilé, igi máńgòrò àti àgbọn ti dàgbà nínú ọgbà. Àwọn tó kọ́kọ́ ra ilé níbẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àgbà àti oníṣòwò. Wọ́n ti darúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sùn.

Ibi tí wàhálà Ìjàpọ̀ wà nìyẹn. Ìjọba ló pín ilẹ̀ náà fún ẹnì kan ṣoṣo, ìwé rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ nígbà tí bàbá kú, ẹbí tún gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ márùn-ún: ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan ní Èkó, méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀karùn-ún ló ń gbé inú ilé náà, òun náà ló sì ń wá oníbàárà. Bí ẹ bá rí ilé Ìjàpọ̀ tí owó rẹ̀ rọjú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga fún àwọn tó ń bójú tó ogún olóògbé. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín pé ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i. Ọmọ tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé bàbá rẹ̀, bó ti wù kó jọ bàbá náà tó.

Tèmi? Bó bá jẹ́ láti gbé ni, Ìjàpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú owó sọ́tọ̀ fún òrùlé àti páìpù, torí ilé ogójì ọdún kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ṣé inú Àkúrẹ́ ni Ọ̀bà-Ilé wà?

Ẹ má bi ọmọ Ọ̀bà-Ilé bẹ́ẹ̀ o! Ìlú ni Ọ̀bà-Ilé, ó ní ọba tirẹ̀, Olóbà, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Àkúrẹ́ ló fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ ló wà, Àkúrẹ́ gan-an sì wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́. Èèyàn lè gbé ilé síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó máà mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí ìwé owó orí ilé bá dé láti ibi tí kò rò.

Pápákọ̀ òfuurufú wà lápá ibẹ̀, ẹ̀sìtéètì ńlá tí ìjọba ṣe náà wà níbẹ̀, ìyẹn ló fi orúkọ Ọ̀bà-Ilé sẹ́nu àwọn tó ń wá ilé. Ọ̀dọ́ tọkọtaya ló pọ̀ níbẹ̀: òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ Alágbàká láàárọ̀. Bẹ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta ni ẹ máa rí jù.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé inú ẹ̀sìtéètì yàtọ̀ sí ìta rẹ̀. Ìta ẹ̀sìtéètì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí Ọ̀bà-Ilé, àwọn apá kan sì wà níbẹ̀ tí ìjọba ti fọwọ́ lé láti ọjọ́ pípẹ́, bí igbó tilẹ̀ kún un. Ẹ lè máa wo ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lórí ilẹ̀ kan kó jẹ́ pé lórí ìwé, ti ìjọba ni. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè níbẹ̀ lè máà mọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín sábà máa ń mọ̀.

Shagari Village ńkọ́?

Orúkọ rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀. Ètò ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe láàárín 1979 sí 1983 ló bí i. Ilé kéékèèké ni wọ́n kọ́, àwọn tó rà wọ́n sì ti fẹ yàrá síwájú, fẹ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn, débi pé ẹ ò ní dá ilé àkọ́kọ́ mọ̀ mọ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn àdúgbò tí èèyàn ti mọra wọn. Ẹ kàn wò ó dáadáa bóyá àfikún yẹn kò ti jókòó sórí gọ́tà.

Mo fẹ́ kọ́lé fún àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́. Ṣé ó ń mówó wọlé?

Ó ń mówó wọlé, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. 1981 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn àdúgbò ìtòsí rẹ̀, South Gate, North Gate, Àúlé, Àpátapìtì dé apá Ọ̀bẹ̀lẹ̀ ti ń fi oko ṣe họ́sítẹ́ẹ̀lì. Oníyàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnnì tirẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní self-con, ló ń lọ jù. Òbí ló ń sanwó, ọdọọdún, kì í sì í pẹ́ tí yàrá tó ṣófo fi ń rí ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà iléèwé ni kàlẹ́ńdà yín. Ní 2020, àrùn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gbé ọdún náà mì. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò parí títí di oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! South Gate dá páropáro. Iyá oníndomie kó àwo rẹ̀ lọ sí Ìjọ̀kà, àwọn onílé tó fi owó ẹ̀yáwó kọ́lé kò sì rí oorun sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n má ṣe kọ́ gbogbo rẹ̀ ní self-con. Ẹ fi oníyàrá méjì díẹ̀ sí i fún òṣìṣẹ́ tàbí tọkọtaya tí kì í lọ ìsinmi.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ti lé ní ogójì ọdún, kó ronú jinlẹ̀. Àwọn ọmọ yìí kì í sùn.

Owó mi ò tó ti Ìjàpọ̀. Ibo ni mo lè lọ?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ ń gbé náà ni! Òkè-Àró, Ìjọ̀kà, Dánjùmá, ọ̀nà Òdá. Òkè-Àró súnmọ́ àárín ìlú, ilé ẹbí àti ilé ojú-kojú àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà. Ìjọ̀kà gùn, ariwo ọjà wà níwájú, ìdákẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣe ń wọnú sí i ni owó ń wálẹ̀ tí ọ̀nà sì ń bàjẹ́ sí i. Ọ̀nà Òdá ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ ìkọ́lé àkọ́kọ́ wọn ń lọ.

Ohun kan ti yí padà o. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti sọ ọ̀nà jíjìn di iyàrá kejì tí èèyàn ń san owó rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó kúrò ní bẹ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta lọ́nà Òdá wá sí oníyàrá kan ní Òkè-Àró, torí pé owó kẹ̀kẹ́ Maruwa òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lóṣù kan ti fẹ́ ju owó ilé lọ. Kẹ́ ẹ tó yọ̀ pé owó ilé tó jìnnà jẹ́ pọ́ọ́kú, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ fún ọjọ́ 22 nínú oṣù, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ti ọdún kan, kẹ́ ẹ wá fi kún owó ilé.

Omi àti iná ńkọ́?

Orí àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó sí. Ẹ wo òkè tó yí wa ká, ẹ wo Ìdànrè tó wà nítòsí, ẹ ó mọ̀. Nítorí náà, kànga ilé kan lè lómi láti oṣù kíní dé oṣù kejìlá, kí ti aládùúgbò rẹ̀ kan àpáta kó sì gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ ní oṣù kẹjọ. Aládùúgbò tó ní korobá púpọ̀ níwájú ilé ni kẹ́ ẹ bi.

Odò Àlà tún wà, ó la ìlú kọjá. Ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀ àti létí àwọn odò kékeré tó ń ṣàn sínú rẹ̀ sábà máa ń rọjú, ìdí rẹ̀ sì hàn: àkùrọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ fún yín ibi tí omi máa ń lọ ní òjò.

Ní ti iná, BEDC ló ń pín in fún wa. Láti oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n ti pa owó tó ga lé àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Òpópónà méjì tó fara kanra lè wà ní báńdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kẹ́ ẹ tó gba ilé, ẹ ní kí ayálégbé tó wà níbẹ̀ fi ìwé káàdì iná tó rà kẹ́yìn hàn yín. Ìwé yẹn kì í purọ́ bí ajẹ́ńtì.

Ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ rí kí n tó sanwó ilẹ̀?

Ẹ jókòó dáadáa.

Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó ń dì í mú fún aráàlú. Ohun tí ẹ ń rà ni ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ẹ̀tọ́ yẹn ni C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀, ń fi hàn. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O lọ́wọ́ ẹlòmíì gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí ó tó jókòó dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ti ìkẹyìn yìí. Wọ́n á kó ìwé ẹni tó tà á fún wọn sínú àpótí, wọ́n á máa pè é ní ìwé ilé wọn.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, tó sì jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù ní Ìsìkàn, Òkè-Àró, ọ̀nà Òdá àti àyíká Ọ̀bà-Ilé, ẹ wá olórí ẹbí. Ọmọ ẹbí tó dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá dá a tà láìsí àwọn aṣojú ẹ̀ka ẹbí, kóòtù lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Ojúulé ni kẹ́ ẹ fi kà wọ́n: ìyàwó mélòó ni bàbá àgbà ní, ta ló ń ṣojú ojúulé kọ̀ọ̀kan, ṣé gbogbo wọn fọwọ́ sí i?

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Èmi náà ra ilẹ̀ kan nígbà kan. Olórí ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn àgbà méjì fọwọ́ sí i, a mu ọtí, a jẹ obì. Ojúulé mẹ́ta ni wọ́n pè fún mi. Nígbà tí mo kó búlọ́ọ̀kì dé, obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sórí rẹ̀, kò pariwo, ó kàn ní: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ìyá tèmi náà bímọ fún bàbá?" Ojúulé kẹrin. Wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀ torí pé obìnrin nìkan ni ìyá wọn bí. Mo tún san owó. Tinútinú ni mo fi san án, torí òun ló jàre.

Lẹ́yìn ẹbí, ẹ gba nọ́ńbà tó wà lára òpó sọ́fè, kẹ́ ẹ mú àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ fún sọ́fèyọ̀ tiyín, ẹ má lo ti olùtà. Yóò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ìgbésẹ̀ yìí kò gba àkókò púpọ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní plọ́ọ̀tì. Ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 669 ní ìgun mẹ́rin, 50 lọ́nà 100 kò ju nǹkan bíi 465 lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ẹ sọ iye kan fún wa, jọ̀ọ́.

Iye tí mo bá kọ lónìí, kó tó di òjò tó ń bọ̀, á ti di ìtàn. Ohun tí mo lè sọ ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Alágbàká àti Ìjàpọ̀ ló wà lókè, inú ẹ̀sìtéètì Ọ̀bà-Ilé àti àyíká South Gate tẹ̀ lé e, Ìjọ̀kà àti Òkè-Àró wà láàárín, àwọn ilẹ̀ tuntun lọ́nà Òdá àti ọ̀nà Ìjù ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀dà títì lè gbé ilẹ̀ kan fo ìpele kan láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ bi ajẹ́ńtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Ẹni kẹrin yẹn ló máa ń sọ òótọ́.

Kí ni mò ń san yàtọ̀ sí owó ilé, ṣé onílé sì lè lé mi nígbà tó bá wù ú?

Agiriméǹtì àti kọmíṣàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100 owó ọdún kan. Ẹ bá wọn dúnàádúrà, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sórí òkúta. Owó láti wo ilé, ẹ má san án fún ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ní ti lílé, ayálégbé ọdọọdún tí ìwé rẹ̀ kò sọ ohun mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí ìwé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje tó sọ pé onílé ń lọ kóòtù. Onílé tó yọ òrùlé tàbí ilẹ̀kùn kò tẹ̀ lé òfin, ì báà jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó rẹ̀.

Òkè òkun ni mo wà. Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi rà á?

Bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó dára. Kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì àti àwòrán ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe "a ó yí i padà tó bá yá". Kí lọ́yà tẹ́ ẹ sanwó fún fúnra yín wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bá bínú sí èyí ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ìgbà wo ló dára jù láti wá wo ilẹ̀?

Ẹ má wá lọ́jọ́ ọdún Àhẹ̀rẹ́gbè, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní Àkúrẹ́, ẹ ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Oṣù kẹsàn-án ló dára, ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé òjò ńlá, kí omi tó fà. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, kẹ́ ẹ má sọ fún olùtà pé ẹ ń bọ̀.